Ohun Tí Ọmọ Ń Kọ́ Nígbà Tí A Kò Kọ́ Ọ

 

Ẹ wo ìyá tó ń sin adìyẹ nínú agboolé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kì í pe adìyẹ kankan lórúkọ. Igbá àgbàdo ló ń mì. Kí hóró kan tó kanlẹ̀, àgbébọ̀ ti sáré jáde láti ẹ̀yìn àkìtàn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e. Òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ò mọ ohun tí ìró igbá wà fún. Ó gbọ́ ìró, ó rí àgbàdo. Ó tún gbọ́ ìró, ó tún rí àgbàdo. Nígbà tó yá, ìró nìkan ti tó láti gbé e nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ìyá náà gan-an ò mọ̀ pé òun kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nírọ̀lẹ́ òní nìyẹn. Àwa òbí, àwa olùkọ́, àwa ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, a máa ń rò pé ìgbà tí a bá la ẹnu pé "jókòó kí n kọ́ ẹ" ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wádìí ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àwọn tí à ń pè ní onísàíkọ́lọ́jì, ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n rí sì yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ kì í dúró de olùkọ́. Ohun tó ṣáájú ìwà àti ohun tó tẹ̀lé ìwà ni ọmọ ń kọ́, yálà a mọ̀ tàbí a ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwà tí a torí rẹ̀ ń gbé ọmọ káàkiri ọ̀dọ̀ wòlíì àti àfáà, ọwọ́ ara wa la fi kọ́ ọ.

Ẹni tó fẹsẹ̀ apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ kì í ṣe onísàíkọ́lọ́jì rárá. Ivan Pavlov lorúkọ rẹ̀, ará Rọ́ṣíà ni, bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ajá ló sì ń wádìí. Iṣẹ́ oúnjẹ dídà yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1904. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń da iṣẹ́ náà rú fún un: itọ́ ti ń dà lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé. Ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ ti tó. Ẹlòmíràn ì bá bínú sí ajá. Pavlov ní tirẹ̀ fi oúnjẹ dídà sílẹ̀, ó dojú kọ ohun tó ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Ó wá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí aago, ó ń jẹ́ kó dún kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, léraléra, títí ìró náà nìkan fi ń fa itọ́ jáde. Ó tún rí i pé bí ìró bá ń dún tí oúnjẹ ò sì dé mọ́, itọ́ á máa dín kù títí á fi gbẹ. Tó bá wá fi ajá sílẹ̀ kó sinmi, tí ìró tún dún, itọ́ á tún ṣẹ́ yọ díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn. Ohun tí ara ti kọ́ kì í sábà parẹ́, ó kàn ń lúgọ ni. Ẹni tó ti fi sìgá sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó wá bá àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ pàdé ní àdúgbò Sábó, mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ ajá. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen lónìí. Níbẹ̀, tàbí ní ibùdó ìlera ìjọba èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín, ẹ jókòó síbi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló ń gba ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, ó di oṣù 9. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á máa wo nọ́ọ̀sì láìbìkítà, ó lè rẹ́rìn-ín sí i pàápàá. Ẹ wo ọmọ kan náà ní oṣù kẹsàn-án sókè. Abẹ́rẹ́ ò tíì yọjú, ṣùgbọ́n aṣọ funfun ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, igbe ti ta. Ìrora ló ń bẹ̀rù nígbà kan. Ní báyìí, aṣọ ló ń bẹ̀rù. Bó bá sì délé, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọ agbádá funfun wá kí wọn, ó lè tún figbe ta. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí yunifásítì tó dé: ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó rí ekòló, sísá ni í sá.

Ní 1920, John Watson àti Rosalie Rayner, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ dá irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ oṣù mọ́kànlá kan tí wọ́n pè ní Albert ni wọ́n lò. Kò bẹ̀rù eku funfun tẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá ń fi òòlù lu irin gbàgà lẹ́yìn orí rẹ̀ nígbàkígbà tó bá nawọ́ sí eku. Láìpẹ́, rírí eku ti tó láti mú un ké. Ẹ̀rù náà ràn dé ara ehoro, ó dé ara ajá, ó dé ara kóòtù onírun. Wọ́n gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ láì sẹ́ni tó bá a tú ohun tí wọ́n dì mọ́ ọn lára. Ní tèmi o, ìwà ìkà ni, kò sì sí yunifásítì tí yóò gbà kí ẹnikẹ́ni dán an wò lónìí. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń bú Watson, ẹ jẹ́ ká rántí iye ìgbà tí a ti sọ nílé pé "tí o ò bá jẹun, màá pe sójà."

Ikùn ní òfin tirẹ̀, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1966, John Garcia fi hàn pé eku tó bá jẹ nǹkan tí àìsàn sì wá gbé e lẹ́yìn náà, adùn oúnjẹ náà ni yóò kórìíra; kò ní ka iná tó ń tàn tàbí ìró tó ń dún lásìkò yẹn sí. Wákàtí lè kọjá láàárín oúnjẹ àti àìsàn kí ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣì wọlé. Bí ọmọ yín bá jẹ mọ́ínmọ́ín ní alẹ́ tí ibà mú un bì lóru, tó sì wá ní òun ò fẹ́ mọ́ínmọ́ín mọ́, ẹ má fipá mú un, kì í ṣe agídí. Mọ́ínmọ́ín ò mọwọ́ mẹsẹ̀, àmọ́ ikùn ò gbọ́ àlàyé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni apá kejì, ìyẹn ohun tó ń tẹ̀lé ìwà. Ẹ bá mi lọ sí ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ní ọjọ́ tí èrò pọ̀. Ìyá kan di ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta lọ́wọ́ mú. Ọmọ rí bisikíìtì. Ìyá ní rárá. Ọmọ sunkún, ìyá ní rárá. Ọmọ wó lulẹ̀, ó ń yí nínú eruku, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń wò. Oníbisikíìtì ń sọ pé, "Ẹ fún un jàre, màmá, kí ló dé?" Ojú ti ìyá, ó yọ owó. Ẹkún dá wáí.

Èwo nínú wọn ló kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀? Àwọn méjèèjì ni. Ọmọ kọ́ pé ẹkún ò ra bisikíìtì, ṣùgbọ́n yíyí nínú eruku ń rà á. Ìyá náà kọ́ tirẹ̀: bó ṣe sanwó ni ariwo dá, ara sì tù ú. Lọ́jọ́ mìíràn, yóò tètè sanwó. Ọmọ gba èrè nítorí pé ohun tó fẹ́ dé; ìyá gba èrè nítorí pé ohun tí kò fẹ́ kúrò. Oríṣi èrè méjèèjì ló ń mú ìwà le. Bí àwọn méjèèjì bá ń bá a lọ báyìí fún ọdún méjì, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ta ni ọmọ yìí jọ.

Edward Thorndike, ará Amẹ́ríkà, ti rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ní 1898. Ó ti ológbò mọ́ inú àpótí onígi, ó gbé ẹja síta. Ológbò ń họ, ó ń gé àpótí jẹ, títí ó fi ṣèèṣì kan ohun tó ń ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe ń padà wọ àpótí náà lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìhọra tí kò wúlò ń dín kù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń yá sí ohun tó ń ṣílẹ̀kùn. B. F. Skinner gbé iṣẹ́ náà síwájú pẹ̀lú eku àti ẹyẹlé, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1938. Ìwà tí èrè bá tẹ̀lé á tún wáyé; èyí tí kò sí ohun tó tẹ̀lé e á rọ.

Ìyá ọjà wa á wá bi mí pé, "Kí ni kí n ṣe báyìí?" Ẹ má ra bisikíìtì nígbà tó bá ń yí nílẹ̀. Ó rọrùn láti sọ lórí rédíò, mo mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé tí ẹ bá dáwọ́ èrè dúró, ẹkún náà á kọ́kọ́ le sí i. Ọmọ á gbé ohùn sókè, ó lè fi orí gbálẹ̀, nítorí pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kọ̀, ó ń wò ó bóyá àfikún díẹ̀ á tún un ṣe. Ẹ kàn rí i pé kò ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí ẹ bá wá juwọ́ sílẹ̀ níbi tó le dé yẹn, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó sàn kí ẹ ra bisikíìtì ọ̀hún nígbà tó fẹnu tọrọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ojú rẹ̀ tó kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ju kí ẹ sọ pé rárá ní ìgbà mẹ́ta kí ẹ wá sọ pé ó dáa.

Ìyá àgbà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mo júbà àwọn ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí ìyá àgbà sì ń fún un lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọmọ yẹn ò ní jáwọ́ láé. Skinner àti Charles Ferster kọ ìwé ńlá kan lórí irú èyí ní 1957. Ìwà tí èrè ń tẹ̀lé nígbà gbogbo tètè máa ń rọ nígbà tí èrè bá dáwọ́ dúró. Èyí tí èrè ń tẹ̀lé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé, òun ni kì í kú bọ̀rọ̀.

Ohun tó wà nídìí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò. A máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, ojúkòkòrò ló ń dà wọ́n láàmú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àmọ́ bí tẹ́tẹ́ bá jẹ́ ohun tí à ń pàdánù ní gbogbo ìgbà, gbogbo wọn ì bá ti padà sílé. Owó kékeré tó jẹ lẹ́ẹ̀kan láàárín ogún ìpàdánù ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kalẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ẹyẹlé pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní 1948, Skinner gbé ẹyẹlé mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, ó ṣètò kí oúnjẹ máa jáde láti ìgbà dé ìgbà, ohun yòówù kí ẹyẹlé máa ṣe. Èyí tó ń yí po nígbà tí oúnjẹ jáde gbà pé yíyí ló mú un jáde, ó ń yí lọ. Òmíràn ń fi orí gún igun òkè àpótí. Mẹ́fà nínú mẹ́jọ ló dá àṣà tirẹ̀ sílẹ̀, oúnjẹ ì bá sì ti wá bí wọ́n tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá mọ ọkùnrin tí kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì kan pàtó níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, nítorí pé ibẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ góòlù mẹ́ta, ẹ bá mi kí i.

Ó wá ku pàṣán. Ìlú olùkọ́ ni Ọ̀yọ́. Ní 1896 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Saint Andrew bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ajayi Crowther wà lónìí. D. O. Fágúnwà wà lára àwọn tó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ń sọ ọ́ láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ pé pàṣán kì í ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ kíá, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀: ariwo kíláàsì dá, olùkọ́ gba èrè tirẹ̀ bí ìyá ọjà ṣe gbà tirẹ̀. Kí ni ọmọ kọ́ ńkọ́? Ó kọ́ pé a kì í pariwo níwájú tíṣà yìí. Bí tíṣà bá jáde, ẹ̀kọ́ náà bá a jáde. Bó bá jẹ́ ìṣirò ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ nà án, ìṣirò á bọ́ sí ipò aṣọ funfun nọ́ọ̀sì: bí wọ́n bá ti ń kọ nọ́ńbà sójú pátákó, àyà rẹ̀ ti ń já. Pàṣán lè sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe; kò lè sọ bí a ṣe ń pín ìdá mẹ́ta sí méjì. Skinner pàápàá, tí àwọn èèyàn kà sí ẹni tó fẹ́ máa darí ẹ̀dá bí eku, kò fara mọ́ ìjìyà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìkọ́ni.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. N ò bá òwe yẹn jà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọmọ tí wọn kì í fà mọ́ra àfi lẹ́yìn ẹgba. Ó lè kọ́ pé ẹgba lojú ọ̀nà ìfẹ́, kó sì máa wá ìjàngbọ̀n kiri kí wọ́n lè rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti mọ ọmọ kọ́, tí kò sí pátákó níbẹ̀, ẹ lọ sí ilé Àyàn, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Àyàn ti ń gbọ́ dùndún láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá rìn, agolo mílíìkì òfìfo ni ìlù rẹ̀, igi ṣáṣá ni kọ̀ǹgọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìyáàlù lé e lọ́rùn. Ìlù tó ń gbè ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó ń sọ gbólóhùn kan náà lásọtúnsọ, bàbá rẹ̀ wà níwájú, ẹ̀gbọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ṣìlù, kò sí ìwàásù gígùn. Ẹ̀gbọ́n á tẹ ti tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbọ́ ibi tó yẹ kó wà. Bó bá wọlé padà, ijó ń lọ, ojú bàbá ń dán, alájọ̀dún á sì lẹ owó mọ́ òun náà níwájú orí. Kó tó wá kan fífa ọsán ìyáàlù kó lè sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ, ìgbésẹ̀ kékeré ló sì fi dé ibẹ̀, èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé lójú ẹsẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, èyí tó ti wà láti 1977, á dá ọ̀nà yẹn mọ̀. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ò tètè gba ẹ̀kọ́, wọn kì í sọ fún un pé "wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ." Ọwọ́ kan ló ń kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á yìn ín, ọwọ́ kejì, wọ́n á yìn ín, ó wá kan bọ́tìnnì.

Wíwò nìkan pẹ̀lú ń kọ́ni. Ní 1961, Albert Bandura àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford kó ọmọdé 72 jọ. Àwọn kan nínú wọn wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá, tó ń fi òòlù onígi gbá a, tó ń bú u. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú bèbí, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó wò ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, títí kan èébú rẹ̀. Bàbá tó ń na ọmọ nítorí pé ó lu àbúrò rẹ̀, ẹ̀kọ́ méjì ló ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọmọ sì lè mú ju etí rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ padà sórí ẹ̀rù kí àkókò mi tó tán, nítorí Albert. Mary Cover Jones ṣe ohun tí Watson ò ṣe. Ní 1924 ló kọ ìròyìn nípa ọmọ kan tó ń jẹ́ Peter, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, tó ń bẹ̀rù ehoro. Ó gbé Peter jókòó sídìí oúnjẹ tó fẹ́ràn, ó gbé ehoro inú àgò sí ọ̀ọ́kán, níbi tí kò ti ní dí ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá ń sún un mọ́ tòsí díẹ̀díẹ̀. Ó tún jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro máa bá a ṣeré nítòsí Peter. Nígbà tó yá, Peter ń fi ọwọ́ kan ra ehoro náà lára, ó ń fi ọwọ́ kejì jẹun.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń ké bí ẹ bá ti yà sí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ lè ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́, ẹ dúró lẹ́nu géètì, kí ọmọ máa jẹ gúgúrú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wọlé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kí nọ́ọ̀sì, ẹ máa lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ti yára jù nìyẹn. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹ má tàn án pé kò ní dùn ún; ẹ sọ pé á ta á díẹ̀, á sì tán, ẹ jẹ́ kó di ọwọ́ yín mú, kí ohun tó fẹ́ràn sì tẹ̀lé e kíá. Ẹ sì bá mi sọ fún gbogbo ilé, láti orí bàbá dé orí ọmọ ọ̀dọ̀, pé kí wọ́n yé sọ fún ọmọ pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá gún un lábẹ́rẹ́ tí kò bá sùn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ló kàn: ìdí tí ìwé tí ọmọ kà mọ́jú fi ń fò lọ lórí rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ó dìgbà náà o.